Ibi Tí Mo Sin Metod Sí

Ọkùnrin tí gbogbo ará Kelsey ń sọ pé ogun gbé mì, tí wọn kò rí egungun rẹ̀, èmi ni mo sin ín. Mo mọ ibẹ̀. Ó ń lọ sí ọgbọ̀n ọdún tí mo ti mọ ibẹ̀. Mo fi ọwọ́ ara mi bu erùpẹ̀ lé pósí rẹ̀ lórí, mo sì fi ẹnu ara mi sọ fún ìyá tó bí i pé kò sí òkú tí a ó sin. Paulina Weller ni wọ́n ń pè mí nísinsìnyí. Paulina Sabol ni mo ń jẹ́ nígbà náà, aya Metod Sabol. Lọ́dún tó kọjá, dókítà la àyà mi, ó tún ọkàn mi ṣe, ó sì ní kí n má retí ọjọ́ púpọ̀ mọ́. Ọkàn tí wọ́n tún ṣe yìí kò gba irọ́ náà mọ́ra. Mo ti kọ́kọ́ sọ ọ́ létí ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́. Ó wá ku ẹ̀yin tí ẹ ń bá wa kúnlẹ̀ nínú ìjọ Kelsey, tí ẹ máa ń pe orúkọ Metod láàrin àwọn tí kò ní ibojì, àti ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ kò tilẹ̀ mọ̀ wá.

Ibi ìkòkò kàbéèjì ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí òrùlé kòtò èédú Kelsey wó lu bàbá mi. Ilé iṣẹ́ èédú ló ni ilé tí à ń gbé, ẹbí tí kò bá sì ní ọkùnrin nínú kòtò mọ́ kò ní ẹ̀tọ́ sí ilé. Wọ́n kó ẹrù wa sójú ọ̀nà nínú yìnyín. Mo rántí bàtà tí mo wọ̀ lọ síbi ìsìnkú: ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni, mo ki ìwé ìròyìn bọ̀ ọ́ lẹ́nu kó má bàa bọ́ lẹ́sẹ̀ mi. Mo rántí àwọn tó rí wa tí wọ́n ti fèrèsé wọn pa. Màmá Sabol nìkan ló jáde wá, ó gbé ìkòkò kàbéèjì gbígbóná dání, ó sọ fún ìyá mi pé, “Wọlé, ìyá ọlọ́mọ. Yàrá ẹ̀yìn ṣófo. Ẹ jẹun ná, ẹkún ò ní sá lọ.” Ilé rẹ̀ ni a sùn títí ìgbà òtútù fi kọjá. Níbẹ̀ ni mo ti mọ Metod ọmọ rẹ̀, tó máa ń fi èédú ya irùngbọ̀n sójú Milka àbúrò rẹ̀ kí n lè rẹ́rìn-ín. Mo kọ èyí sílẹ̀ kí ẹ lè mọ irú obìnrin tí mo dalẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí èmi àti Metod dàgbà tí a fẹ́ fẹ́ra, mo ní n kò lè fẹ́ ẹni tó ń wọ kòtò. Ó tẹ̀lé mi lọ sí Akron, a rí iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ táyà. Tí iṣẹ́ bá parí, mo máa ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ti àwọn àgbà, nítorí ìwé kẹfà ni mo ti kúrò nílé ìwé láti máa fọṣọ fún àwọn olówó. Òórùn rọ́bà kì í kúrò lọ́wọ́ mi bí mo ti ń kọ̀wé, ṣùgbọ́n inú mi ń dùn. Ogun wá dé. Ìjọba fi àwọn tó ń wa èédú sílẹ̀ nítorí pé ogun kò lè ṣe láìsí èédú. Wọn kò fi Metod sílẹ̀. Ó kú ní Ítálì lọ́dún 1944. Lọ́jọ́ tí a ṣe Máàsì fún un ní Kelsey, Màmá Sabol dìde níwájú gbogbo ìjọ, ó nàka sí mi. “Gbogbo ọmọ tó wà nínú kòtò ló ń jẹun alẹ́ nílé ìyá wọn. Tèmi nìkan ni wọ́n yọ jáde. Ìwọ Paulina lo yọ ọ́. Ìwọ lo pa á.” Kò sẹ́ni tó gbèjà mi. Ká ní ọ̀tá ló sọ ọ́, n bá ti gbàgbé, ṣùgbọ́n ẹni tó bọ́ mi ló sọ ọ́. Mo mọ̀, nígbà náà pàápàá, pé ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, mo gbé ọ̀rọ̀ náà padà sí Akron bí ẹni gbé ẹyin, mo sì sàba lé e.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ Clyde Weller, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ní kóòtù, láìsọ fún ẹnikẹ́ni ní Kelsey. Kò pẹ́ tí ìjọba fi kọ̀wé sí mi. Wọ́n ní àwọn ń wú òkú àwọn ọmọ ogun kúrò níbi tí wọ́n kọ́kọ́ sin wọ́n sí lókè òkun, kí ẹbí sọ bóyá kí àwọn tún wọn sin sọ́hùn-ún tàbí kí àwọn gbé wọn wálé. Opó ló ni ẹnu ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí opó bá ti lọ́kọ mìíràn, ẹ̀tọ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ti àwọn òbí. Bàbá Metod ti kú tipẹ́. Omi ló ya wọ kòtò bá a. Ìyá rẹ̀ ló kù. Gbogbo rẹ̀ yé mi yékéyéké, ohun tí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ wúlò fún mi nìyẹn. Clyde náà kà á. Ó ní, “Fi ránṣẹ́ sí ìyá ẹ̀, kó sin ọmọ ẹ̀. Kí ló tún kàn ẹ́ níbẹ̀?” Mo ní, “Ó ní èmi ni mo pa á. Kí n tún wá gbé e lé e lọ́wọ́?” Ó gbé ìwé náà sílẹ̀. “Paulina, òkú lo fẹ́ fi gbẹ̀san yìí o.” Mo ní, “Ṣé o máa fọwọ́ sí i àbí o ò ní fọwọ́ sí i?” Ó fọwọ́ sí i, gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, pé opó tí kò lọ́kọ ni mí. Lẹ́yìn náà ó fi àwàdà bò ó: “Ó dáa, èmi náà ti kú nìyẹn. Ṣé òkú ò ní jẹun alẹ́ ni?” A rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run dárí jì wá, àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí ewé ń wọ́ lọ́dún 1948 ni réluwè gbé e dé Akron, pẹ̀lú sọ́jà ọ̀dọ́ kan tó ń sìn ín bọ̀. N kò jẹ́ kí ìwé ìròyìn gbọ́. Fádà tí kò mọ̀ wá rí ló gbàdúrà, Clyde dúró lókèèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi bí ẹni tó ṣèèṣì kọjá. Nígbà tí sọ́jà náà ká àsíá tó wà lórí pósí tó sì gbé e lé mi lọ́wọ́, ó bi mí pé, “Ìyá wọn ńkọ́, mà?” Mo ní ara wọn kò yá. Ọmọ náà kàn mi orí. Ìjọba máa ń fún ọmọ ogun ní òkúta orí ibojì lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n n bá ní láti tún búra pé opó ni mí. Mo ra òkúta kékeré kan fúnra mi, mo ní kí wọ́n kọ Metod sí i, kí wọ́n má kọ Sabol, kí wọ́n má mẹ́nu kan ogun. Ìdí nìyẹn, lọ́dọọdún, ní Ọjọ́ Ìrántí Ológun, tí àwọn sọ́jà àtijọ́ bá ń lọ káàkiri itẹ́ òkú orí òkè náà, tí wọ́n ń gún àsíá kéékèèké sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì gbogbo ẹni tó bá wọn jagun, wọ́n á gún ti ọ̀tún, wọ́n á gún ti òsì, wọ́n á sì fo Metod kọjá. Mo máa ń dúró lẹ́yìn igi, mo máa ń wò wọ́n.

Ẹ lè rò pé èyí ló burú jù. Rárá o, ó ku èyí tó burú jù. Lákòókò náà, réluwè ń gbé òkú àwọn ọmọ ogun padà sí gbogbo ìlú èédú, ọ̀kan lónìí, ọ̀kan lọ́la. Nígbà tí ọmọ Kollár dé sí Kelsey, tí àwọn onífèrè lọ pàdé rẹ̀, Màmá Sabol kò lè jókòó mọ́. Obìnrin tí kò dá wọ bọ́ọ̀sì rí, tí kò mọ ìwé kà, ó há orúkọ òpópónà wa sórí bí àdúrà, ó sì dé ẹnu ilẹ̀kùn mi nínú òjò. Ìborùn rẹ̀ ló fi di búrẹ́dì Kérésìmesì tó ṣe fún mi, kí òjò pa òun, kó má pa búrẹ́dì. Kò jókòó. “Paulina, mo sọ ohun kan sí ẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tó o bá fẹ́ kí n kúnlẹ̀, mo máa kúnlẹ̀, orúnkún ló kàn ń dùn mí.” Mo ní, “Ẹ jókòó, Màmá.” Ó ní, “Ọmọ Kollár ti dé. Ó ku tèmi. Èmi ò mọ̀wé, ìwọ lo mọ̀wé. Ṣé ìjọba ti kọ̀wé sí ẹ? Ọmọ mi dà?” Bí mo bá nawọ́ sí fèrèsé, orí òkè tó wà ni n bá fi hàn án. Mo ní, “Wọ́n ti kọ̀wé, Màmá. Wọn ò rí i. Wọ́n ní ọta àgbá ló bà á, kò sí nǹkan tó ṣẹ́ kù. Kò sí ohun tí wọ́n máa gbé wá.” Ó ní, “Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?” Mo ṣí dúrọ́ọ̀, mo mú ìwé jáde, ìwé tó ń sọ ọjọ́ tí réluwè yóò gbé e dé gan-an, mo fi ìka sórí ìlà kan. “Ibí ni wọ́n kọ ọ́ sí.” Ìyá náà tẹ̀ ba, ó fi ẹnu ko ibẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo bá òun kà á. Mo sìn ín dé ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí, mo sì rí i bí bọ́ọ̀sì ṣe gbé e kọjá níwájú géètì itẹ́ òkú. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ ní fèrèsé tó ń ṣe àmì àgbélébùú fún àwọn òkú ibẹ̀, bó ti máa ń ṣe níbi gbogbo.

Ẹ̀yin ará Kelsey mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kò kàn mọ ìdí rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tí a ń gbé àbẹ́là lọ sórí ibojì àwọn òkú wa ní oṣù kọkànlá, Màmá Sabol máa ń tan ti ọkọ rẹ̀, ó máa ń tan ti bàbá tèmi pàápàá, kò sì jẹ́ tan ti Metod. “Àbẹ́là ń fẹ́ ibi tó máa dúró sí,” ló máa ń wí. Àwo ló ń gbé kalẹ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ ilé ní Kelsey máa ń gbé àwo kan sílẹ̀ fún àlejò ní àṣálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, ṣùgbọ́n ti ilé Sabol, èyí tó ní etí búlúù, ti Metod ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó tì í. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ bá wọn jẹ oúnjẹ yẹn. Mo mu ọbẹ̀ olú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo náà, mo sì tètè dìde. Lẹ́yìn náà mo ń fi iṣẹ́ ṣe àwáwí. Kò bínú. Ọdọọdún ló ń fi àkàrà Kérésìmesì pẹlẹbẹ tí Fádà bù kún ránṣẹ́ sí mi, kí n lè rí tèmi jẹ pẹ̀lú oyin. N kò jẹ ẹ́ rí. Mo ń gbé e lọ sórí òkè fún Metod, àwọn ẹyẹ ló ń jẹ ẹ́.

Clyde kú. Èmi náà dùbúlẹ̀ ní ọsibítù pẹ̀lú àyà tí wọ́n rán bí àpò. Milka, tó ti di ìyá àgbà báyìí, wá kí mi. Ó ti ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí dápàárá: “Ìyàwó wa, wọ́n ní wọ́n gbé ọkàn ẹ jáde wò. Ṣé wọ́n bá nǹkan kan níbẹ̀?” Kò mọ ohun tó sọ. Ó jókòó, ó ní Màmá ti lé lọ́gọ́rin ọdún, kò lágbára mọ́, ohun kan ṣoṣo ló sì ń béèrè. “Mo kọ̀wé sí St. Louis, níbi tí wọ́n ń kó ìwé àwọn ológun sí, nípa ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní iná tó jó ibẹ̀ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn ti jó tiẹ̀ mọ́ ọn. Mo ti gbà pé ó tán nìyẹn. Àfi bí sọ́jà àtijọ́ kan ṣe ní ìwé ìsìnkú ò sí lára ohun tó jóná, ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ń kó o sí. Ó ní kódà ẹni tí wọn ò rí, wọ́n á kọ ibi tí wọ́n wá a dé sílẹ̀. Nọ́ńbà ológun ẹ̀ nìkan ni wọ́n fẹ́. Màmá ní tóun bá lè mọ ibi tí wọ́n wá a dé, ìyẹn náà tó. Ṣé o ṣì rántí nọ́ńbà yẹn?”

Mo rántí rẹ̀ bí mo ṣe rántí orúkọ mi. Mo sì rí ọ̀nà méjì níwájú mi. Bí mo bá ní mo ti gbàgbé, ìyá náà kò ní pẹ́ kú, ọ̀rọ̀ náà yóò bá a wọlẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ ọ láéláé. Ẹnu mi ti là láti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló dá mi dúró: ìyẹn náà tó. Ẹni tó fún wa ní odidi yàrá nínú yìnyín ló wá ń tọrọ ibi tí wọ́n wá ọmọ rẹ̀ dé. Mo ní, “Milka, má kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni mọ́. Akron níbí ló wà. Èmi ni mo sin ín.” Ó fọwọ́ kàn mí níwájú orí. “Oògùn oorun ló ń ṣe ẹ́.” Mo ní, “Kì í ṣe oògùn.” Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó dìde, ó wọ kóòtù rẹ̀, bọ́tìnnì kò bá ihò rẹ̀ mu, kò mọ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. “Ìwọ lo máa sọ fún un. Mi ò bá ẹ gbé e. Tó o bá sì kú kó o tó débẹ̀, Paulina, ẹlòmíì ni yóò sin ẹ́.”

N kò kú. Nígbà tí òdòdó ìgbà ìrúwé yọ, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Kelsey, mo kúnlẹ̀ síwájú àga Màmá Sabol, mo sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò fi Clyde ṣe àwáwí, n kò dárúkọ Máàsì ọjọ́ yẹn. Omi ń hó nínú kẹ́tùlù, ó jẹ́ kó máa hó. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ṣé omi ń wọ ibẹ̀?” Mo ní, “Rárá, Màmá. Orí òkè ni. Ó gbẹ.” Ó mí kanlẹ̀. “Ta ló ń lọ wò ó?” Mo ní èmi ni, ní Sátidé Sátidé. “Àkàrà tí mo ń fi ránṣẹ́ sí ẹ ńkọ́?” Mo ní, “Òun ni mo ń gbé e fún.” Ó ní, “Gbogbo ẹ̀?” Mo ní, “Gbogbo ẹ̀.” Ó wá wo ojú mi. “Mo fẹnu ko ìwé yẹn, Paulina.” Mo ní, “Mo rí yín, Màmá.” Ó ní, “Mi ò tíì dárí jì ẹ́ o. Má tan ara ẹ jẹ. Milka! Bá mi wá bàtà mi.”

Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ohun tí mo ń bẹ̀rù ni igbe tí Màmá yóò ké lórí ibojì náà. Kò ké. Ó jókòó sórí koríko, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ kó sùn. “Akron!” ló wí. “Ọmọkùnrin yìí! Gbogbo bí mo ṣe ń pè ẹ́, Akron lo wà, o ò dáhùn.” Milka bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Màmá yọ àbẹ́là láti inú àpò rẹ̀, ó ṣáná, afẹ́fẹ́ pa á. Ó tún ṣáná, afẹ́fẹ́ tún pa á. Ó gbójú sókè sí mi. “Ìwọ náà, má dúró bí òpó. Fi kóòtù ẹ dí afẹ́fẹ́.” Mo kúnlẹ̀, mo ṣí kóòtù mi yí iná náà ká, mo sì wà bẹ́ẹ̀ títí àbẹ́là fi jó tán. Nígbà tí Milka bi í bóyá kí a gbé e lọ sí Kelsey, ó ní, “Wọ́n ti wú u lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kó sùn.” Mo kọ̀wé sí ìjọba, mo sọ irọ́ tí mo fi ọwọ́ sí, mo ní kí wọ́n ṣe mí bí wọ́n bá ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n fún ìyá rẹ̀ ní òkúta tó tọ́ sí ọmọ rẹ̀. Òkúta náà ti dé. Orúkọ rẹ̀ pé lórí rẹ̀.

Ní Kérésìmesì tó kọjá, ó ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá jẹun. “Mi ò ṣèlérí nǹkan kan o,” ló ní kí Milka sọ. Ìràwọ̀ àkọ́kọ́ ti yọ nígbà tí mo wọlé. Gbogbo wọn ti jókòó, àga kan ló kù, àwo etí búlúù ló sì wà níwájú rẹ̀. Mo dúró. Màmá Sabol ní, “Jókòó síbẹ̀.” Mo ní, “Màmá, ti Metod ni.” Ó ní, “Metod ti ní ibi tó ń gbé. Àwo náà ṣófo.” Ó ti àtàǹpàkò rẹ̀ bọ oyin, ó lọ láti orí dé orí bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń ṣe, ó ya àgbélébùú sí iwájú orí Milka, sí ti àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ, títí ó fi kàn mí. Ó pẹ́ lórí tèmi. Oyin náà ṣàn wá sí imú mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún níwájú àwọn ọmọdé. Ó bu ọbẹ̀ sínú àwo náà, ó tì í síwájú mi. “Jẹun ná,” ló wí. “Ẹkún ò ní sá lọ.”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá mọ̀wé kà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ohun tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ kà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wà tó ń wá ọmọ ogun tirẹ̀, tí wọ́n sọ fún un pé ìwé ti jóná, kó má tíì lọ jókòó. Kó béèrè ìwé ìsìnkú, lẹ́yìn náà kó wá bi àwa àgbà tí a dákẹ́ nínú ẹbí. Ẹ̀yin ìjọ Kelsey, mo jẹ́ kí ẹ gbàdúrà lórí irọ́. Ẹ foríjì mí. Ẹ yọ orúkọ Metod kúrò láàrin àwọn tó sọnù. Ní Ọjọ́ Ìrántí Ológun tó ń bọ̀, wọn yóò gún àsíá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, Màmá Sabol yóò sì wà níbẹ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ẹ wá. Bọ́ọ̀sì láti Kelsey ń kọjá níwájú géètì ibẹ̀. Ẹ sọ fún awakọ̀ kó dúró.